Iṣẹ́ abẹ ìpààrọ̀ orúnkún màmá: kí la ó ṣe sílẹ̀, kí la ó sì ṣe tí wọ́n bá dé ilé?

Aremo_Ondo:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Màmá mi, ẹni ọdún 68, ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀ orúnkún ọ̀tún fún l'Ákùúrẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí i. Òsì náà ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ́síréè fi hàn pé ti ọ̀tún ni kèrékèré ti jẹ tán, tí eegun ń ha eegun. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n ń lo oògùn fún méjèèjì, wọ́n sì ń mu àgbo lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé wa wà ní Oǹdó. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá wọn, àtẹ̀gùn 14. Yàrá àlejò kan wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ṣáláńgá tí a ń lóṣòó sí ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀.

Kí ló yẹ ká ti ṣe parí kí ọjọ́ náà tó pé? Àwọn ẹ̀gbọ́n màmá ní wọn kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ojú abẹ lè jinná. Àǹtí mi kan sì ti ra òrí àti àdín sílẹ̀, wọ́n ní omi gbígbóná ni a ó máa fi wọ́ ọ láràárọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dájú ni kó dá mi lóhùn.

Noosi_Tiata:

Ọ̀sẹ̀ 6 tó yín tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ti ṣúgà ni kí ẹ mú ṣáájú. Èyí tí ẹ ń gún ìka wò láàárọ̀ kò tó. Ẹ ní kí wọ́n ṣe HbA1c, àyẹ̀wò tó ń sọ bí ṣúgà ti ń ṣe láti bí oṣù 3 sẹ́yìn. Tó bá ti tó 8 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ á sún ọjọ́ síwájú. Wọn ò fi ìyà jẹ yín o. Ṣúgà tó ga kì í jẹ́ kí ojú abẹ jinná, ó sì ń la ọ̀nà fún kòkòrò. Irin àti ike ni wọ́n ń fi sínú orúnkún, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í ṣàn nínú irin. Kòkòrò tó bá ti rí ibẹ̀ lẹ̀ mọ́, oògùn nìkan kì í sábà lè lé e. Wọ́n á tún orúnkún náà ṣí ni.

Ẹ wo PCV wọn, àyẹ̀wò tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ tó lára. Tó bá wà lábẹ́ 36, ẹ jẹ́ kí dókítà wá ìdí rẹ̀ nísinsìnyí tí àyè ṣì wà láti fi oògùn gbé e sókè. Ilé ìwòsàn á tún sábà ní kí ẹbí wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, páìntì 1 tàbí 2. Ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pe àbúrò kiri nígbà tó bá ku ọ̀la.

Eyín tó ń jẹrà, ìtọ̀ tó ń ta wọ́n, eéwo, egbò àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀ tán. Bí wọ́n bá ti gún abẹ́rẹ́ sínú orúnkún náà láìpẹ́, ẹ sọ ọjọ́ rẹ̀ fún dókítà, torí abẹ́rẹ́ steroid tí kò tíì pé oṣù 3 ń mú ewu kòkòrò pọ̀ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má sì sín gbẹ́rẹ́ kankan sí orúnkún yẹn láti òní lọ. Gbẹ́rẹ́ tuntun lójú ibi tí wọ́n fẹ́ là lè mú kí wọ́n dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ.

Àgbo: kó dúró ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú, ó kéré tán. Kò sẹ́ni tó lè díwọ̀n ohun tó wà nínú ìgò yẹn. Òmíràn ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn jù, òmíràn ń bá oògùn ìpanilóorun jà. Ibuprofen àti diclofenac, oògùn ìrora tí ẹ ń rà ní kẹ́míìsì, sábà máa ń dúró ní ọjọ́ 7 ṣáájú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ kó gbogbo oògùn màmá sínú láílọ́ọ̀nù kan, tòun ti páálí wọn, kí ẹ sì ní kí dókítà tó máa pa wọ́n lóorun kọ ọ́ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: «ẹ mu ún láàárọ̀ ọjọ́ náà» tàbí «ẹ má mu ún». Metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, sábà máa ń dúró láàárọ̀ yẹn, torí ebi ni wọ́n máa fi wọlé.

Ní ti ebi ọ̀hún, oúnjẹ ń dúró ní wákàtí 6 ṣáájú, omi lásán ní wákàtí 2. Ilé ìwòsàn mìíràn á ní kí gbogbo rẹ̀ dúró láti òru. Tiwọn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ògì kì í ṣe omi o! Tíì onímílíìkì náà kì í ṣe omi. Ibi tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ti máa ń bàjẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ nìyẹn, kí ọmọ fi àánú rọ «ẹ̀kọ díẹ̀» fún ìyá rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àti láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n fi ọṣẹ wẹ̀ dáadáa, kí wọ́n sì wọ aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹ má fi réésà fá irun ẹsẹ̀, ojú ibi tí réésà bá ha ni kòkòrò ń gbà wọlé. Kí kútẹ́ẹ̀sì kúrò léèékánná, kí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ọmọ ìka lè ka afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ.

Kí ẹ tó san owó, ẹ bèèrè bóyá iye tí wọ́n pè kan irin náà, símẹ́ǹtì eegun tó ń lẹ irin mọ́ eegun, ẹ̀jẹ̀, wọ́ọ̀dù àti físíò, ẹni tó ń kọ́ wọn ní eré ẹsẹ̀ àti ìrìn. Àìbèèrè yìí ló ń fa ariwo ní káńtà.

Fisio_Alagbaka:

Nọ́ọ̀sì ti parí ti ṣáájú. Ẹ jẹ́ n bọ́ sí èyí tó kàn yín nílé.

Ìfẹ́ ló ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n màmá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 2 lórí bẹ́ẹ̀dì lè ba orúnkún tí ẹ fi owó ńlá ṣe jẹ́ pátápátá. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọ́n máa gbé wọn dìde. Símẹ́ǹtì eegun kì í ju bí ìṣẹ́jú 15 lọ tó fi ń gan. Kí wọ́n tó rán awọ ara pọ̀, irin ti mú eegun. Ó lè gba ìwọ̀n ara wọn. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sójú kan, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí tó dì yẹn sì lè já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Inú orúnkún náà ò sì dúró dè yín, àpá ti ń hù níbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Ibi tí orúnkún bá dúró sí ni àpá á gan mọ́.

Nínà ló ṣáájú kíká, ẹ fi èyí sọ́kàn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nílé ni ìrọ̀rí lábẹ́ orúnkún. Ó máa ń dẹ ìrora, nítorí náà màmá á bẹ̀bẹ̀ fún un, ọmọ á sì fi í síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, orúnkún ò ní nà tán mọ́. Wọ́n á máa tiro, itan á máa rẹ̀ wọ́n, ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Ẹ yọ ìrọ̀rí yẹn. Ẹ ká táwẹ̀lì róbótó, ẹ fi sábẹ́ gìgísẹ̀ wọn, kí òfìfo wà lábẹ́ orúnkún, kó máa fi ìwúwo ara rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú 5 sí 10, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Á dùn wọ́n. Kò burú.

Ní gbogbo wákàtí tí wọ́n bá jí, kí wọ́n máa fi ọrùn ẹsẹ̀ lọ sókè sódò ní ìgbà 20. Kí wọ́n fi ẹ̀yìn orúnkún tẹ bẹ́ẹ̀dì mọ́lẹ̀ títí iwájú itan á fi le, kí wọ́n ka 5, kí wọ́n tú u, ìgbà 10, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Fún kíká, ẹ wọ láílọ́ọ̀nù sí gìgísẹ̀ kó lè máa yọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n máa fà á bọ̀ sídìí, kí wọ́n sì dá a padà, ìgbà 10. Oògùn ìrora ni kí ó ṣáájú eré yìí ní ìṣẹ́jú 30 sí 45. Ẹni tí ìrora bá ti dé ọrùn kò ní gbà fún yín. Paracetamol oní-500 kò gbọdọ̀ ju 8 lọ ní wákàtí 24, ẹ sì ka páálí oògùn yòókù, torí paracetamol máa ń wà nínú òmíràn láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Èyí tó bá ní codeine tàbí tramadol nínú máa ń mú ìgbẹ́ gan: ìbẹ́pẹ, ẹ̀fọ́, omi púpọ̀.

Ibi tí a ń lé: kó nà tán pátápátá, kó sì ká dé dígíríì 90 ní ọ̀sẹ̀ 2. 90 ni tí wọ́n bá jókòó sórí àga tí àtẹ́lẹsẹ̀ wà pẹrẹsẹ nílẹ̀, tí ojúgun dúró ṣánṣán. Ó tó láti rìn, kò fi bẹ́ẹ̀ tó láti dìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì. Ní ọ̀sẹ̀ 6 a ń wá 110. Tí ọ̀sẹ̀ 6 bá pé tí kò tíì dé 90, ẹ tètè padà sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ, ó lè pa wọ́n lóorun, kó sì bá wọn ká a. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, àpá ti le jù fún ìyẹn.

Fún wíwú, ọ̀rá «pure water» 2 tó ti dì sí yìnyín, tí ẹ fi táwẹ̀lì tútù wé, ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí NEPA bá ṣe iṣẹ́ wọn, ẹ ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn tó ń ta omi tútù.

Wọ́kà, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n á máa dì mú rìn: ẹ jẹ́ kí màmá dúró, kí apá wọn so sílẹ̀, ọwọ́ wọ́kà gbọ́dọ̀ bá ìlà ọrùn ọwọ́ dọ́gba. Èyí tó bá ga jù á mú èjìká sókè, èyí tó bá kúrú á tẹ̀ wọ́n ba. Wọ́kà ló ń kọ́kọ́ lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ lé e, òsì ló gbẹ̀yìn. Ẹ ti fi okùn wọn fífẹ̀ ilẹ̀kùn balùwẹ̀ báyìí, torí ọ̀pọ̀ wọ́kà fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà. Kí kápẹ́ẹ̀tì kéékèèké, ẹní, àti wáyà jẹnẹrétọ̀ tó la pálọ̀ kọjá kúrò nílẹ̀.

Baba_Ijapo:

Ẹ̀yin ọmọ ìwé, ẹ rọra o. Láti ayébáyé, omi gbígbóná àti àdín la fi ń tú iṣan. Ẹran ara tí a fi abẹ là kò gbọdọ̀ gbọ̀n. Ó yẹ kí àgbàlagbà sinmi fún ọ̀sẹ̀ 1, ó kéré tán.

Fisio_Alagbaka:

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Fún ẹ̀yìn ríro tàbí iṣan tó fà, omi gbígbóná dára. Ojú abẹ tuntun yàtọ̀. Ooru ń pe ẹ̀jẹ̀ wá síbẹ̀, orúnkún á sì wú sí i, wíwú yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kó ká. Awọ ara ẹ̀gbẹ́ ojú abẹ, lápá òde, máa ń kú tipiri torí iṣan ìmọ̀lára kéékèèké tí abẹ gé. Tí a bá tún fi ìtọ̀ ṣúgà kún un, omi lè bó wọn láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Àdín lórí egbò tí kò tíì pa dé ń ba ìrán jẹ́, ó sì ń gbé ìdọ̀tí wọlé. Fífi agbára wọ́ ẹ̀yìn ojúgun ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ burú jù gbogbo wọn lọ, torí tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa fi ọwọ́ ara yín já a lọ sókè.

Òrí Àǹtí kò ṣòfò o. Tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ 6, tí ojú abẹ ti pa dé pátá, tí kò ní èépá kankan, kí wọ́n fi òrí díẹ̀ sí àtàǹpàkò, kí wọ́n máa fi rọra yí àpá náà kiri, ìṣẹ́jú 5, kó má baà lẹ̀ mọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ní ti ìsinmi, òótọ́ lẹ sọ lápá kan. Ìrìn kúkúrú lọ́pọ̀ ìgbà ni, kí wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ sókè láàárín. Ẹni tó bá rìn jù lọ́jọ́ kan á fi ọjọ́ 2 sanwó rẹ̀.

Kafinta_Oja_Oba:

Ẹ jẹ́ n bá yín yanjú ti ṣáláńgá, torí ilóòṣó ti di èèwọ̀ fún orúnkún yẹn fún ìgbà pípẹ́. Àga onígi tí a gé ihò sí lẹ fẹ́, tí ẹ ó gbé ka orí ihò ṣáláńgá.

Ẹ wọn màmá kí ẹ tó wá sọ́dọ̀ káfíńtà: láti ilẹ̀ dé kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn orúnkún, pẹ̀lú bàtà tí wọ́n ń wọ̀ nílé. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 5 kún un, ibi tí ìjókòó máa ga dé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àgbà obìnrin á bọ́ sí 45 sí 50. Ihò rẹ̀, 20 ní fífẹ̀, 28 ní gígùn, kí ẹ fi sáńpépà ha etí rẹ̀ kúnná. Apá àga ga ju ìjókòó lọ ní bí 22, kí ó sì jáde síwájú dé etí ìjókòó, torí iwájú yẹn ni wọ́n máa tì fi dìde. Àga tí apá rẹ̀ pin sẹ́yìn kò wúlò.

Igi gbígbẹ ni o, àfàrà tó ti gbẹ dáadáa tó. Tútù á súnkì, oríkèé á tú. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni kí wọ́n fi de apá mọ́ ẹsẹ̀. Ìṣó nìkan á máa jáde díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ń fi ara tì í. Kí ẹsẹ̀ àga ṣí díẹ̀ sóde, kí ó má gùn lé etí ihò, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù lẹ rọ́bà táyà sábẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ kùn ún ní ọ́dà olóròóró kó ṣeé fọ̀. Gé ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì ike kan kúrò, fi há abẹ́ ihò, kí ohun gbogbo lè lọ síbi tó yẹ. Kí ẹ tó gbé e fún màmá, kí ẹni tó wúwo jù nínú ilé jókòó sí i, kó sì fi apá kan ṣoṣo tì í dìde. Tó bá mì, ẹ dá a padà fún káfíńtà.

Noosi_Tiata:

Káfíńtà, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ fi ti ewu kún un, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Wọ́n á fún wọn ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, abẹ́rẹ́ inú ikùn tàbí oògùn mímu, ó kéré tán ọjọ́ 10 sí 14, nígbà mìíràn títí dé ọjọ́ 35. Ẹ má fò ó, ẹ má sì tì í jùnù torí pé wọ́n ti ń rìn. Okùn tàbí pínnì ojú abẹ sábà máa ń jáde láàárín ọjọ́ 10 sí 14. Títí dìgbà náà, kí omi má kan án. Kí ara ojú abẹ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó wú díẹ̀ lálẹ́, kí ó máa dún «kọ́» nígbà tí wọ́n bá ń rìn, kò ní wàhálà nínú, ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún oṣù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Kí ẹsẹ̀ dúdú bí ẹni tí wọ́n lù títí dé ọrùn ẹsẹ̀ náà kì í ṣe tuntun.

Èémí tó ń kúrú lójijì, àyà dídùn, tàbí ẹ̀yìn ojúgun ẹsẹ̀ kan tó wú tó sì ń dùn: ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ òru. Omi tàbí ọyún tó ń jáde lójú abẹ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, pípọ́n tó ń tàn kálẹ̀, ibà tó lé ní 38, ẹ gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ má lọ ra oògùn apakòkòrò ní kẹ́míìsì kí ẹ tó lọ. Kí dókítà tó mọ kòkòrò tó wà nínú orúnkún, ó gbọ́dọ̀ fi abẹ́rẹ́ fa omi inú rẹ̀ lọ sí láàbù. Bí wọ́n bá ti gbé kápúsù 4 mì, kòkòrò lè fara pamọ́, àyẹ̀wò lè ní kò sí nǹkan, irin á sì máa jẹrà lábẹ́lẹ̀.

Aremo_Ondo:

Ẹ ṣé gan-an. A ti ń pe káfíńtà. Ohun 3 ló kù: báwo la ṣe máa gbé wọn láti Àkúrẹ́ wá sí Oǹdó? Ìgbà wo ni wọ́n lè padà gun àtẹ̀gùn? Wọ́n sì ń bèèrè bóyá àwọn tún lè kúnlẹ̀ láé, torí ṣọ́ọ̀ṣì àti torí àwọn àgbà ìdílé.

Fisio_Alagbaka:

Ọkọ̀ kékeré, iwájú, kí ẹ ti ìjókòó sẹ́yìn dé òpin. Ẹ tẹ́ láílọ́ọ̀nù sórí rẹ̀. Kí màmá fi ẹ̀yìn bọ́ sínú ọkọ̀, ìdí ló ń kọ́kọ́ jókòó, kí wọ́n tó yí ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pọ̀; láílọ́ọ̀nù á jẹ́ kí wọ́n yí láìfi orúnkún lọ́. Bí wákàtí kan ni ọ̀nà yẹn, ẹ dúró lẹ́ẹ̀kan láàárín rẹ̀ kí wọ́n rìn yí ọkọ̀ ká. Ọ̀kadà, rárá.

Wọ́n á kọ́ wọn ní àtẹ̀gùn ní ilé ìwòsàn kí wọ́n tó lọ, nítorí náà kì í ṣe pé wọn kò lè gùn ún. Kí wọ́n máa sùn nísàlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 rọrùn jù ni. Bí wọ́n bá ń gòkè, ẹsẹ̀ òsì tí abẹ ò kàn ló ń ṣáájú. Bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀tún tí wọ́n ṣe ló ń ṣáájú. Ọwọ́ kan mú irin àtẹ̀gùn, ìgbésẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin, apá ìsàlẹ̀ ni kí ẹ máa dúró sí nígbà gbogbo, ìyẹn ẹ̀yìn wọn tí wọ́n bá ń gòkè, iwájú wọn tí wọ́n bá ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi wọ́kà sílẹ̀ fún ọ̀pá, ọwọ́ òsì ni kí ọ̀pá wà. Ọ̀pọ̀ ló ń mú un sọ́wọ́ ẹsẹ̀ tó ń dùn, tí wọ́n á wá máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kíkúnlẹ̀: kì í ba irin jẹ́ tí ojú abẹ bá ti jinná dáadáa, lẹ́yìn bí oṣù 3. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ràn bó ṣe ń rí lára wọn mọ́, torí awọ tó kú tipiri yẹn. Kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lórí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn náà lórí ìrọ̀rí nílẹ̀, kí àga wà níwájú tí wọ́n á fi ọwọ́ tì. Tí wọ́n bá ń dìde, àtẹ́lẹsẹ̀ òsì ni kó kọ́kọ́ tẹlẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n tẹrí ba. Ní ti àwọn àgbà ìdílé, ẹ̀yin ọmọ ni kí ẹ ti lọ sọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn kí ọjọ́ ayẹyẹ tó dé, kí màmá má baà máa fi ìtìjú kúnlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 5.

Orúnkún òsì? Ẹ jẹ́ kí ọ̀tún kọ́kọ́ gbé wọn fún oṣù 3, ó kéré tán, kí ẹ tó dá ọjọ́ míì. Eré itan tí mo kọ sókè yẹn, ẹ máa fi òsì náà ṣe é láti òní. Òun ló máa gbé màmá ní gbogbo oṣù àkọ́kọ́.